Gbọ̀ngàn tí "Ó Yé Wa" Gbé Lọ Sókè

Àlá ọ̀sán kì í tijú, ẹ̀yin ará. Ti òru a máa fi òkùnkùn bojú, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán, gbangba ló ń wọlé, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìrẹsì ló ṣáájú rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Màmá Bàọ́lọ́jì ló lá a, ó sì rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí a jọ ń rìn lọ sílé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fojú fò ó.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ìyáàfin Fadérẹ́rà Olúgbọ́dẹ, àmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tiwa, iṣẹ́ tí tíṣà bá ń kọ́ àwọn ọmọ ló ń di orúkọ rẹ̀. Ó ti ń kọ́ wọn nípa ohun abẹ̀mí látìgbà tí àwọn kan nínú àwa tíṣà yìí ṣì ń mu ìka. Kíláàsì àṣekágbá ni tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà bí ẹyinjú. Ẹ lè gba àga lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ẹ lè gba tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú, kò ní bá yín jà. Ẹ má ṣáà gba kíláàsì àṣekágbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó sì fẹ́ ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀gá Adéyẹri, pírínsípà wa, ti kéde fún wa pé láti sáà tó ń bọ̀, orí tábúlẹ́ẹ̀tì la ó ti máa kọ máàkì àwọn ọmọ. Wọ́n wá pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo wa, àti tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, títí kan Bàbá Lámídì tó ń ṣọ́ geetì, nítorí orí ẹ̀rọ yẹn náà ni yóò ti máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé. Ọ̀gá ní, "Tíṣà tí kò bá mọ̀ ọ́n lò nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí bá parí, màá gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní kó lọ máa nu eruku ní yàrá ìkàwé." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ṣáà wo Màmá Bàọ́lọ́jì, a sì tún yára wo ilẹ̀.

Ẹni tó wá kọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Tèmítáyọ̀, ọmọlúàbí ni, ẹnu rẹ̀ ló kàn ń sáré. "Ẹ tẹ ibí, ẹ fà á wá sílẹ̀, ẹ pa dà, ẹ tẹ ọ̀hún. Ṣé ó yé yín?" Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá. Àwa tíṣà, ìbéèrè yẹn la fi ń jẹun. Ojoojúmọ́ là ń bi àwọn ọmọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa ohùn pọ̀ dá wa lóhùn, a kì í sì í wádìí rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pa ohùn pọ̀: "Ó yé wa." Ohùn Ọ̀gá Adéyẹri ló ga jù. Màmá Bàọ́lọ́jì náà dá tirẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tàn láti àárọ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọjọ́ ogbó ti dé sí òun? Wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, a kọ iṣẹ́ sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wọ́n pín ìrẹsì, a jẹ ẹ́. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́ lórí wa. Màmá Bàọ́lọ́jì fọwọ́ lẹ́rán, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan, oorun sì gbé e lọ.

Ibi tó la ojú sí nínú àlá, gbọ̀ngàn kan náà ni, àwa kan náà la sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tèmítáyọ̀ ní ṣé ó yé wa, a ní ó yé wa. Ni gbọ̀ngàn bá mì tìtì, ó gbéra nílẹ̀, ó ga tó ilé alájà kan. Kò sẹ́ni tó pariwo. Bàbá Lámídì rọra rìn wá láti ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba.

"Màmá, a ti kúrò nílẹ̀ o."

"Ṣé ẹ ti ti geetì?"

"Mo ti tì í."

"Ó dáa náà, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ní lójú òun nínú àlá yẹn, ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè náà nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ọ̀gá Adéyẹri wá dìde láti gbà wá níyànjú. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe pàtàkì, ó ṣe pàtàkì, ó ṣe mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ìwo ti yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀. Irùngbọ̀n gùn wálẹ̀, ọwọ́ di pátákò, àmọ́ kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe wà, táì rẹ̀ pàápàá kò yẹ̀. Òbúkọ gidi ni. Ẹnì kan ní ká fún un ní àtẹ́wọ́ olódòdó, èyí tí wọ́n máa ń fi ìka ṣe bí òdòdó tó ń tanná níbi gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a sì ṣe é fún un dáadáa. Òbúkọ dúpẹ́, ó lọ tààrà síbi tí àwọn ẹgbẹ́ kẹta lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ ògiri, ó sì jẹ bébà náà tán pátá. Inú àwọn ẹgbẹ́ kẹta dùn. Wọ́n ní ṣé a rí i pé ọ̀gá kò tilẹ̀ fẹnu kan ti ẹgbẹ́ kejì. Màmá Bàọ́lọ́jì ní tirẹ̀ fara balẹ̀ wo ẹnu òbúkọ, bó ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó tì í pé ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni, bébà kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

"Ṣé ó yé yín?" ni Ọ̀gbẹ́ni Tèmítáyọ̀ wí.

"Ó yé wa."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni ọ̀gá wí, tirẹ̀ ló ga jù. Gbọ̀ngàn tún ròkè.

Nígbà náà ni tábúlẹ́ẹ̀tì orí itan Màmá Bàọ́lọ́jì wúkọ́. "Màmá, ọwọ́ yín tutù."

"Má bínú, ọmọ mi. Fáànù ni."

"Láti àárọ̀ lẹ ti gbé mi dání bí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kò bi mí ní nǹkan kan."

"Èmi ni tíṣà. Èmi kọ́ ló yẹ kí n máa bèèrè."

"Ta wá ni?" ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí.

Màmá Bàọ́lọ́jì fi ìborùn bò ó kí òtútù má baà mú un, ó gbé e pọ̀n, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri gbọ̀ngàn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó rìn títí ó fi dé ojú fèrèsé. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ló rí, kíláàsì àṣekágbá sì ti gbé àga wọn jáde síbẹ̀, wọ́n jókòó létòlétò, wọ́n ń wo òkè. Ọwọ́ gbogbo wọn ló nà sókè. Wọ́n ń bèèrè nǹkan. Ó ń rí ẹnu wọn tó ń mì, ohùn wọn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó na ọrùn jáde, ó ní kí wọ́n gbóhùn sókè. Afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn tún ti ní ó yé wọn, gbọ̀ngàn tún ròkè, àwọn ọmọ náà sì kéré sí i.

Títí dé ibẹ̀ yẹn, ó ní kò sí ohun tó ya òun lẹ́nu. Ilé lè fò, ọ̀gá lè di òbúkọ, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ òun nawọ́, kí òun má sì gbọ́ ìbéèrè wọn, ọkàn òun kò gbà á rárá. Ẹ̀rù bà á. Ó sunkún nínú àlá, omi ojú gidi.

Ó sáré lọ bá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, nítorí òun ló dé fìlà dẹ́rẹ́bà.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ ní pápá."

"Mi ò ní búréèkì, Màmá," ni ẹ̀rọ wí. "Ohùn yín ni epo mi. Bí ẹ bá ti ní ó yé yín, mo ń lọ nìyẹn."

"Ibo wá là ń lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó yé yín. Mo ti rò pé ẹ mọ ibẹ̀."

Bàbá Lámídì ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Màmá, kí n má purọ́ fún yín, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan tábúlẹ́ẹ̀tì yìí." Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn já wálẹ̀ díẹ̀, tíì tí àwọn èèyàn gbé dání sì dà sí wọn láṣọ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Màmá Bàọ́lọ́jì mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́.

"Bàbá, ẹ tún un wí. Ẹ wí i sókè."

"Níwájú ọ̀gá? Wọ́n á ní geetì nìkan ni mo mọ̀ láyé."

"Ọ̀gá ti di òbúkọ."

"Òbúkọ náà ní etí, Màmá."

Ó rí i pé òótọ́ ni. Ó wá pinnu pé òun fúnra òun ni yóò nawọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, ó wúwo, ó sì ń sọ̀rọ̀. "Èmi? Sí àwọn ọmọ ni mo máa ń nà, pé ìwọ, dìde. Kò sẹ́ni tó ń gbé mi sókè."

"Mo mọ̀. Ṣàánú mi."

"Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín lóòótọ́."

"Wọ́n á ní a ti darúgbó."

"A sì ń darúgbó náà."

"Wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó tún wo ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ náà kò ju eéṣú lọ mọ́, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún wọn pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn náà sì gbà á gbọ́.

"Kíláàsì náà ló ń lọ yìí," ló wí fún ọwọ́ rẹ̀. "A ò tíì nawọ́, ó ń lọ. Kí la wá ń pa mọ́?"

Ọwọ́ rò ó wò. Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, bó sì ti ń gòkè ni gbọ̀ngàn ń sọ̀ kalẹ̀. Ó rí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́, ó rí orí igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ojú àwọn ọmọ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kù díẹ̀ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Gbọ̀ngàn balẹ̀, gbì.

Tábúlẹ́ẹ̀tì ló já bọ́ láti orí itan rẹ̀. Ó la ojú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lọ́wọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo "Ó yé wa" tán ni, Ọ̀gbẹ́ni Tèmítáyọ̀ sì ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, gangan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá? Ẹ nawọ́, mà."

Gbogbo wa yíjú sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì ń wo ọwọ́ náà. Ó lè fi tún gèlè ṣe, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọwọ́ náà tilẹ̀ ti ń tẹ̀ lọ sí ọ̀nà gèlè. Àfi bó ṣe tún nà tàn-ìn.

"Kò yé mi," ló wí. "Láti ibi tí wọ́n ti ń tàn án ni kò ti yé mi."

Mo fi orí mi búra pé mo gbọ́ ìró fáànù. Bàbá Lámídì tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rọra na tirẹ̀. Akọ̀wé owó náà nawọ́, tíṣà ìṣirò tẹ̀ lé e. Èmi náà nawọ́, ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo ti ń pariwo láti àárọ̀. Nígbà tó yá, níwájú pátápátá, lórí àga onítìmùtìmù, a rí ọwọ́ kan tó ń yọ díẹ̀díẹ̀, kò ju èjìká lọ. Ti Ọ̀gá Adéyẹri ni. Ó wúkọ́.

"Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yẹn," ló wí, "ṣé wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ni, àbí wọ́n kàn ń fọwọ́ kàn án?"

A ò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ọ̀gbẹ́ni Tèmítáyọ̀ wò wá títí, ó fa àga kan, ó wá jókòó sí àárín wa. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi bọ́tìnnì."

Ìgbà tí oòrùn fi máa tẹ̀ sí ìwọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì Màmá Bàọ́lọ́jì ti tàn. Ó ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sí i. Orúkọ àkọ́kọ́ jáde lójú ẹ̀rọ náà. Bàbá Lámídì tẹ̀ síwájú, ó ní orúkọ ta nìyẹn.

"Ọmọ mi ni," ni Màmá Bàọ́lọ́jì wí, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀.

Ọ̀gá Adéyẹri gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá títí obìnrin náà fi gbójú sókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é tí lẹ́tà ńlá fi jáde?"

"Ẹ tẹ ibí, sà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá tẹ èyí." Ó wo ojú ọ̀gá. "Ṣé ó yé yín, sà?"

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ náà, ó wò wá, ó tún wo ẹ̀rọ náà. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í.

"Rárá o, Màmá," ló wí. "Ẹ tún un ṣe."