Ta Ló Ti Rí Mi Nínú Kíláàsì?

Inú ń bí mi. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ló ti ń bí mi. Bí mo bá ń fọ aṣọ ó ń bí mi, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá ó ń bí mi, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ò dáa.

Mùlíkátù Adélàjà lorúkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìgbògbò. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wá yunifásítì òkè òkun tí mo ti lè gba másítà nínú iṣẹ́ yìí láti orí kọ̀ǹpútà, láìfi ọkọ, ọmọ àti iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Wọ́n pọ̀ bí èèrùn, gbogbo wọn ló sì ń fi àwòrán àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín hàn. Mo yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ àwọn. Ta ni yóò fún mi ní físà, ta ni yóò sì bá mi tọ́jú Lateefat ọmọ mi? Èkejì ò fẹ́ ju kí n máa kàwé, kí n máa kọ àròkọ ránṣẹ́. Ìyẹn rọrùn, àmọ́ kò ní kan àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ rárá. Ẹ̀kẹta ló wọ̀ mí lọ́kàn, torí iṣẹ́ kíláàsì ẹni gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ohun tí àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni n óò gbé wá, wọn yóò ní kí n dán ọ̀nà tuntun wò, n óò sì jábọ̀. Òun náà ló sì le jù láti wọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan tó ti rí mi lẹ́nu iṣẹ́ kọ lẹ́tà nípa mi, kí ó sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

"Mísẹ́ẹ̀sì Adélàjà, kò sí wàhálà. Ẹ lọ kọ ọ́ wá, èmi á sáìnì."

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí lórílẹ̀-èdè yìí mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí ni yóò jẹ́rìí ara rẹ̀, ọ̀gá yóò kàn fọwọ́ sí i. Èmi náà ò jiyàn. Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ ní àkókò ìsinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin. Ojú tì mí. Nígbà tó yá mo pa gbogbo ìyìn rẹ́, mo kọ ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe. Mo kọ bí mo ṣe kó àwọn ọmọ S.S. 2 lọ sí etí omi ní Ìpakodò, tí wọ́n bi àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ìdí tí wọn kì í fi í fẹ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Àwọn ọmọ tí kì í lè kọ ìpínrọ̀ kan padà wá kọ ìkìlọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ kan gbà á lọ́wọ́ wọn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá sáìnì, ó fi ránṣẹ́. Mo dúpẹ́, àní mo kúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yẹn ni ímeèlì wọlé. Yunifásítì ní lẹ́tà méjì dé ọ̀dọ̀ àwọn láti ilé ìwé kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, Ìpakodò kan náà, jákẹ́ẹ̀tì kan náà. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan ń sọ nípa mi, èkejì ń sọ nípa Benjamin Ọláòtán. Wọ́n ti dá fọ́ọ̀mù àwa méjèèjì dúró. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́ ò kọ ohun tó fojú rí, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn.

Benjamin ni olùkọ́ kékeré tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Èmi fúnra mi ni mo fi yunifásítì náà hàn án nígbà tó bi mí pé, "Àǹtí, èwo lẹ mú, kí n tẹ̀ lé yín?" Kò bá wa dé Ìpakodò. Ó búra pé òun ò ka lẹ́tà tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ nípa òun, mo sì gbà á gbọ́.

Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá láìkanlẹ̀kùn.

"Sà, lẹ́tà mi lẹ fún Benjamin."

"Lẹ́tà yín báwo? Ṣebí èmi ni mo sáìnì ẹ̀. Lẹ́tà náà dáa, ìdí tí mo fi tún un lò nìyẹn. Àbí ẹ ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ náà ṣoríire?"

"Benjamin ò dé Ìpakodò, sà."

"Òyìnbó wo ló máa wá bèèrè ní Ìpakodò? Ẹ ṣàlàyé fún un bí ẹ ṣe ṣe é, kí ọ̀rọ̀ yín lè bára mu. Ẹ ní ẹ jọ lọ ni. Simple!"

Ẹ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí mo fi oòrùn Ìpakodò ṣe, ó fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pín in fún ẹlòmíì, kí n sì kọ́ onítọ̀hún ní irọ́ tí yóò fi gbà á.

"Ẹ kọ òmíì, sà. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo rí?"

Ní ọjọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ ní Gáràjì Ìkòròdú, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Bàbá Láwàl ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní girama, kí wọ́n tó di ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ayílà tán ni mo bá wọn níwájú ilé. Mo ro ẹjọ́ mi látòkèdélẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà náà.

"Mùlíkà, mo lè kọ ọ́ pé o gbọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mi ò rí ọ níbi tó o ti ń kọ́ ọmọ rí. Tí mo bá kọ ọ́, irọ́ kẹta nìyẹn."

"Irọ́ kẹta, bàbá? Ṣebí ti Benjamin nìkan ni irọ́!"

"Èyí tí ìwọ kọ ńkọ́, tó o jẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀gá yín ló kọ ọ́?"

Inú bí mi sí àwọn náà. Díẹ̀ ló kù kí n dìde lọ láìjẹ ẹja tí wọ́n gbé síwájú mi. Wọ́n jẹ́ kí n hó tán.

"Ìgbà mélòó ni ọ̀gá yín ti wá jókòó nínú kíláàsì ẹ látìgbà tó o ti wà níbẹ̀?"

Mo ṣí ìka láti kà á. Kò sí ohun tí mo máa kà.

Ní ọjọ́ Ajé mo gbé àga oníke kan láti iwájú ọ́fíìsì, mo lọ fi sẹ́yìn kíláàsì S.S. 2. Mo padà wá bá ọ̀gá. Òbí méjì jókòó tì í, mi ò sì dúró kí wọ́n lọ.

"Sà, àga yín ti wà ní S.S. 2. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fẹ́. Lẹ́tà tí mo bá yín kọ, mo máa jẹ́wọ́ ẹ̀ fún yunifásítì lónìí, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Tí ẹ bá wá, á ṣeé ṣe kí ẹ ní nǹkan tí ẹ máa sọ fún wọn."

Àwọn òbí wò mí, wọ́n wò ó. Ó rọra dìde, ó tẹ̀ lé mi.

Ìwé ẹ̀sùn ni mò ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà: bí èèyàn ṣe ń fi ẹjọ́ sùn láì bú ẹnikẹ́ni. Èmi! Mo ní kí ẹnìkan sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un tó dùn ún. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zulaykha, tí kì í sọ̀rọ̀, dìde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bí onímárúwá kan ṣe gbé e kọjá ibi tó ń lọ nínú òjò, tó ní kó fẹsẹ̀ rìn padà. Kíláàsì gbè é lẹ́yìn, wọ́n ń bi í léèrè, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù ọ̀gá dún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì ó pa á. Aago lù, kò dìde.

"Mísẹ́ẹ̀sì, ṣé ọmọ yẹn kọ́ la máa ń sọ ní mítìn-ín pé kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Òun ni, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tuntun sórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, lórí àga oníke yẹn, títí àwọn ọmọ fi jẹun ọ̀sán tán. Nígbà tó parí, ó nà án sí mi.

"Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ fún yunifásítì. Benjamin náà kọ̀wé pé òun ò dé Ìpakodò rí, ó sì yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n gbà mí. Ọ̀gá kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, ó ní òun mọ̀ tipẹ́ pé olùkọ́ àtàtà ni mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní alihamudulilahi, mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìtọ̀, mo sì sunkún, kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ogún ìṣísẹ̀ péré ló wà láàárín ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn àti kíláàsì mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni kò fi rìn ín.