Ọkọ̀ Ìyá Rachida Ní Párkì Gafarou

Òjò ló jẹ́ kí Adéfọlákẹ́ pinnu láti ra ọkọ̀. Obì ló ń tà. Anyama ló ti ń rà á, Adjamé ló ń kó o lọ, orí gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ayé ń wọ̀, ló sì ń di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2006, òjò rọ̀ lé gbogbo ọjà rẹ̀ lórí. Obì dúdú, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó kún fún omi, ó sọ fún Rachida ọmọ rẹ̀ pé òun ò tún ní gbé ẹrù sórí gbaka mọ́ láyé òun.

"France au revoir" ni àwọn ará Abidjan ń pe ọkọ̀ tòkunbọ̀, àwọn tó ń tà á sì pọ̀ lọ jàra lójú ọ̀nà ebúté. Adéfọlákẹ́ kò wo tàwọn yòókù. Párkì Gafarou, níbi tó ń to ọkọ̀ títà sí, ló lọ tààrà, torí ará Èjìgbò ni òun pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìyá Gafarou kò sì jìnnà sí ilé tiwọn. Ó rí bâchée funfun kan níbẹ̀, irú ọkọ̀ tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn, tó kàn fara gbọgbẹ́ díẹ̀ létí iná iwájú. Ó yí i po, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sanwó pé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojúlówó lẹ rà," ni Gafarou wí. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀ fún yín. Tó bá di ọ̀la, ẹ wá gbé e."

Ọ̀la dé, wọ́n ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ní ebúté. Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì kú. Lẹ́yìn bátìrì, àna Gafarou kú, ta ni yóò sì lọ béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Adéfọlákẹ́ tiẹ̀ gbé obì lọ kí i.

Ohun tó ń dun obìnrin náà jù ni pé kò rí àyè bínú. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà párkì báyìí, Gafarou á ti dọ̀bálẹ̀. Á fa àga fún un síbòòji, á ní kí wọ́n ra omi tútù wá, á béèrè orúnkún rẹ̀, á béèrè Rachida, á wá máa béèrè àwọn ará ilé ní Èjìgbò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan àwọn tí Adéfọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Kó tó mu omi tán, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ á ti di ohun ìtìjú lẹ́nu rẹ̀. Inú gbaka tó ń gbé e padà sílé ni ìbínú ti máa ń dé, níbi tí kò ti sí ẹni tó lè bínú sí.

"Maman, ó ti tó," ni Rachida wí. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. "Samedi, Sátidé yìí, a jọ máa lọ. Èmi máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, ẹ má sọ nǹkan kan."

Wọ́n dé ibẹ̀, Gafarou dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Rachida kò dúró gba ìkíni.

"Monsieur, ọkọ̀ màmá mi dà?"

"Áà, ọmọ wa! Ẹ wo bó ṣe dàgbà! Ẹ jókòó ná..."

"A ò jókòó. Ọkọ̀ dà?"

Gafarou fi àga tó ń fà sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú, àmọ́ ara Adéfọlákẹ́ ò gbà á.

"Rachida! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Kí wọn dáadáa!"

Kó tó mọ ohun tó ṣe, ó ti wà lórí àga, omi tútù ti dé ọwọ́ rẹ̀. Rachida kàn ń wò ó. Adéfọlákẹ́ ò lè gbójú sókè. Ó ṣe é bíi kó fi orí ara rẹ̀ gbá ògiri.

Gafarou ń ṣàlàyé lọ́wọ́ pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Yopougon nígbà tí bâchée funfun kan yà wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tí òógùn ti bò bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo lédè Faransé pé òun, Émile, ti sanwó fún Gafarou kí wọ́n bá òun kó ẹrù dé Songon, àmọ́ awakọ̀ kàn ṣẹ́rí padà láàárín ọ̀nà, ó ní àkókò òun ti pé.

Adéfọlákẹ́ wo etí iná iwájú. Ọgbẹ́ yẹn rèé. Ẹrẹ̀ ti gba ara ọkọ̀ dé ilẹ̀kùn.

"Gafarou." Kò pè é ní àbúrò mọ́. "Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo ní kí wọ́n bá yín dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò ni..."

"Bẹ́ẹ̀dì lo fi dán an wò?"

Ó gbé omi sílẹ̀, ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó gun iwájú, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Gafarou dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ káwọn jọ sọ ọ́ nínú ilé. Adéfọlákẹ́ ní òun ò sọ̀kalẹ̀. Émile ní tòun, ẹrù òun ńkọ́? Adéfọlákẹ́ wo ọkùnrin náà. Òun náà ti sanwó, òun náà ni wọ́n ń fọwọ́ pa lórí.

"Rachida, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. A ó kó ẹrù bàbá yìí dé Songon, ká tó máa lọ sílé."

"Ẹ ò lè lọ o!" ni Gafarou ké. "Ọlọ́pàá wà lọ́nà, orúkọ mi ló ṣì wà nínú ìwé ọkọ̀!"

"Kò burú. Gun ẹ̀yìn."

Bí Gafarou ṣe jókòó sáàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fìríìjì nìyẹn, tó ń di bẹ́ẹ̀dì mú. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró, tó béèrè ìwé, àpò àyà ni Gafarou ti yọ ọ́, ìwé kan náà tó ní ó wà lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Adéfọlákẹ́ wo ìwé náà, ó sì yíjú sójú ọ̀nà. Ó ti sú u.

Jíà ọkọ̀ ń fò kúrò láyè rẹ̀, Rachida ní láti fọwọ́ dì í mú. Nígbà tí wọ́n dé Songon, ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Adéfọlákẹ́ kọ̀, kò ṣí. Gafarou ló sáré wá láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Gafarou ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà bàjẹ́, kò sì sọ. Òun àti Émile gbé fìríìjì wọlé, Adéfọlákẹ́ sì dúró sínú oòrùn, kò fẹ́ àga, kò fẹ́ omi.

Rachida ló bá Gafarou lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti yí orúkọ tó wà nínú ìwé náà padà. Ìdúró ni Rachida wà títí wọ́n fi ṣe é tán. Adéfọlákẹ́ wá ń fi ọkọ̀ náà kó obì. Ó ń gbé ilẹ̀kùn sókè kó tó fà á, ó sì ń ṣépè fún jíà ní gbogbo ìkóríta.

Kò pẹ́ tí Gafarou fi pè é lórí fóònù. Ó kí i títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò ìyàwó mi ń kó lọ sílé tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa lo ọkọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú?"

Adéfọlákẹ́ pa fóònù láìdáhùn. Ó padà sídìí obì tó ń ṣà, àmọ́ nígbà tó yá, ó rántí pé òun ò béèrè àlàáfíà ìyàwó Gafarou. Ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Pé ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an ló wá bí i nínú jù.