Akáyín Mẹ́ta

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú mi ká sínú búrẹ́dì. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Bàbá wa gbé gìtá, ó fi ọ̀rọ̀ náà kọrin kí ọjọ́ yẹn tó rọ̀, ó ní kí èmi máa lé e, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa gbè é. Eyín àwọn náà kò pé lẹ́nu nígbà yẹn, ni bàbá bá sọ wá ní Akáyín Mẹ́ta. Orin kan ṣoṣo yẹn ló gbé wa dé ibi tí ẹsẹ̀ wa ì bá má dé láéláé. A kì í gbélé tó ọmọ tó ń lọ síléèwé, nítorí náà ìyá wa ló kọ́ wa níwèé lórí tábìlì oúnjẹ, láàárín ìrìn àjò kan sí èkejì.

Mo ti di ẹni ọdún méjìlélógún báyìí. Eyín mi pé, kò sí èyí tó ń mì. Àǹtí mi tó ń tẹ dùùrù ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń ta gìtá, tí a ń pè ní Abẹfẹ́lẹ́ nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ tí a bá ní eré, ti bímọ. Bàbá ti kọ́ ọmọ náà pé tí wọ́n bá dé ìta, "bùrọ̀dá" ni kó máa pe bàbá tó bí i.

Gbogbo ìyẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ ohùn mi. Orin náà ga. Ibi tí ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà lè gùn dé ni bàbá gbé e sí, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní. Láti bí ọdún mẹ́ta, tí mo bá ti dé ibi tó ga jù, àǹtí mi á fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan lábẹ́ dùùrù, ohùn mi àtijọ́ á jáde látinú ẹ̀rọ. Èmi á kàn la ẹnu sílẹ̀. Àwọn èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí eré wa ku ọ̀la, bàbá kó aṣọ tuntun wọlé: ṣòkòtò péńpé mẹ́ta, olókùn èjìká.

Abẹfẹ́lẹ́ gbé tirẹ̀ sókè. "Dádì, orúnkún mi ti nírun o."

"Fá a."

"Orúnkún kẹ̀?"

"Ohun tó bá ṣáà ti hù, fá a."

Ìyá àgbà, tó bí bàbá wa, rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wò mí dáadáa o. Nínú ilé yìí, èmi nìkan ni akáyín tó kù. Ṣòkòtò tèmi dà?"

Mo rí i pé ojú bàbá tú ká díẹ̀, ni mo bá dá sí i. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Etí ni mo ní, n kò lẹ́nu.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká rẹ orin náà sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi kọ ọ́ tán."

"Ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ṣe kín ni? Ṣé ìwọ ni wọ́n ń wá wò ni? Ọmọ tí eyín rẹ̀ ká ni wọ́n ń wá wò."

"Ọmọ ọ̀hún kò sí mọ́, sà."

"Ó wà nínú ẹ̀rọ."

Ìyá àgbà dá sí i. "Ọmọ tó ti lè rìn, tí wọ́n ṣì gbé pọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbálẹ̀ ni."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti jọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ìwọ tó pọ̀n ọ́n ni mò ń rò."

Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ki ojú bọ ìrọ̀rí, mo dá orin náà nísàlẹ̀, níbi tí àyà mi ti lè bá mi gbé e. Mo kọ ọ́ tán láìgba ìrànwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò ní la ẹnu lásán mọ́.

Òfin kan wà láàárín wa tó ju ti aṣọ lọ: ibi tí wọ́n bá ti dá orin, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń bá a lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà lójú èrò. Ìgbà tí a ṣì ń jà lórí pèpéle bí ológbò ni bàbá ṣe òfin náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi ibi tí a ó ti dá a hàn wá. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, níbi tí èrò kò ti ní rí i, á fọn fèrè kékeré kan, èmi á sì gba ohùn lẹ́nu fèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé. Mo gbọ́ bí bàbá ṣe ń fa èémí sínú kó lè fọn fèrè. N kò jẹ́ kó fọn ún. Mo dá orin nísàlẹ̀.

Ọwọ́ àǹtí mi dúró sókè lórí dùùrù. Ó wò mí bíi pé ìhòòhò ni mo wọlé. Ó wo ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Lẹ́yìn náà ló sún ọwọ́ sápá òsì, níbi tí ohùn ti rẹlẹ̀, ó wá mi kàn. Abẹfẹ́lẹ́ náà gbè é, ohùn ọkùnrin ńlá kan sì jáde lẹ́nu ẹni tó ti ń fi imú kọrin láti ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí a dé ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń gbà á, mo rí ẹsẹ̀ àǹtí mi tó ń rìn lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo mi orí. Ó fa ẹsẹ̀ náà padà, ó ká a sábẹ́ àga. Mo gùn ún fúnra mi. Ohùn mi há díẹ̀, ṣùgbọ́n kò já.

Àtẹ́wọ́ kò pọ̀. Obìnrin kan níwájú sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ló dé? Ti tẹ́lẹ̀ la fẹ́! Ẹ kọ ọ́ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń kọ ọ́!"

"Ọmọ yẹn ti dàgbà, mà," mo ní. "Èmi nìyí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣé ìwọ náà dúró lójú kan ni?"

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹni tó gbọ́ mi!"

Wọ́n ṣì ń bú ara wọn lọ́wọ́ tí bàbá fi jáde sórí pèpéle, lójú gbogbo èèyàn. Ó fọn fèrè, níbi gíga àtijọ́ yẹn. Ó fọn ún pẹ́. Mo ní sùúrù títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Ó tún gbé fèrè sẹ́nu.

"Dádì," Abẹfẹ́lẹ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "wọ́n ti dá a, sà."

Bàbá wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìlà àga méjì dìde tẹ̀ lé e, obìnrin onífóònù náà wà nínú wọn. Kò pẹ́, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ wa níta: pòó, pòó. Bàbá ń pè wá kí á jáde, ká máa lọ sílé.

"Ṣé ká máa lọ ni?" àǹtí mi béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká kọ èyí tí bùrọ̀dá kọ síwèé," mo ní. Orin ìfẹ́ ni. Abẹfẹ́lẹ́ ti kọ ọ́ láti ọdún tó gbéyàwó, bàbá kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ojú ti Abẹfẹ́lẹ́. "Níwájú gbogbo èèyàn yìí?"

"Níwájú wọn náà ni."

Ó fún okùn gìtá le. Fèrè ọkọ̀ ń han níta. A kò sì kánjú.