Iná Inú Búùtù

Ìyàwó káfíńtà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró de iná ojú pópó nígbà tí ọkọ̀ kan rọra forí sọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Ìdérí búùtù ló kàn tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gbà, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ obìnrin náà kì í jí láàárọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, á dún táká-táká, á wá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò fẹ́ dáhùn.

Káfíńtà fọ ẹnu bátìrì, ó so ó le, pàbó. Ó ra tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, tuntun náà ti kú.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún réwáyà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ohun tí káfíńtà ò fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ládùúgbò yẹn ló ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó rẹ̀ kí òun tó dé. Ìyàwó ò fi pa mọ́ fún un rí, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n owú ò mọ ohun tó pẹ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún káfíńtà lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó tẹ̀ lé e.

"Eyínfúnjowó, ṣé àlàáfíà lo wà?" ni réwáyà fi kí i, kó tó yíjú sí ọkọ. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Káfíńtà rò ó lọ́kàn. Òótọ́ ni pé eyín ìyàwó òun funfun. Kí ló dé tí ẹnu ẹlòmíì fi ní láti gbọ́ ọ?

Réwáyà wo bátìrì, ó ní kò ṣe nǹkan kan. "Nǹkan kan ló ń fa iná inú ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa ọkọ̀." Ó wo gbogbo gílóòbù, kò sí èyí tó ń tàn. Ó wá yíjú sí búùtù. "Àfi ibí yìí. Bóyá ìdérí tó tẹ̀ yìí ò kan ohun tó ń pa iná ibẹ̀ mọ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, ká tì í, ká fi mọ̀."

"Mo lè wọ̀ ọ́," ni ìyàwó wí.

Kí réwáyà wá fà á lọ́wọ́ jáde ńkọ́? "Èmi ni màá wọ̀ ọ́," ni káfíńtà sọ.

Ìgbà tí wọ́n tì í mọ́ ibẹ̀ tán ló tó yé e pé òun ti fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níta. Iná kékeré náà ń tàn sí i lójú roro. Ó ku kó kan ìdérí kí wọ́n lè ṣí i. Ó gbọ́wọ́ sókè, ni ohùn réwáyà bá wọlé.

"Ṣé ó ń tọ́jú ẹ?"

Ọwọ́ káfíńtà dúró sójú kan.

"Ó ń tọ́jú mi. Àmọ́ owú ẹ̀ pọ̀. Kí n tó kí ọkùnrin, mo ní láti kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí."

"Ó sàn ju ẹni tí kò bìkítà lọ."

"Ìwọ kọ́ lò ń bá a gbé."

"Ṣé o kábàámọ̀ ni?"

"Kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Má bi mí nírú ẹ̀ mọ́."

Òógùn bo káfíńtà, kò sì kan ìdérí títí ìyàwó rẹ̀ fi gbá a láti ìta. "Ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?"

Wọ́n ṣí i. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná ń tàn?"

"Ó ń tàn."

"Àtìgbà wo?"

"Àtìgbà tí ẹ ti tì í."

Réwáyà wolẹ̀. Ó lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdérí kó lè tẹ iná náà pa, iṣẹ́ sì parí.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó ní, "Ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣé lóòótọ́ ló ń rẹ̀ ọ́?"

"Ó ń rẹ̀ mí."

Nígbà tí iná iwájú ọkọ̀ náà bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ní kó gbé e lọ fún réwáyà. Kò tẹ̀ lé e. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá ẹsẹ̀ àga kan, etí rẹ̀ wà lójú títì, títí ẹsẹ̀ yẹn fi kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ.