Ohun Tó Gbé Bírò Lé Olúrẹ̀mí Lọ́wọ́

Nígbà tí Olúrẹ̀mí ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun yóò kọ ìwé lọ́jọ́ kan. Ìwé ìfẹ́ ló ní lọ́kàn: ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkọ́lé, ọmọge kan láti Ìdó, òbí tó fàáké kọ́rí, ìgbéyàwó aláyọ̀ níkẹyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pa á tì. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún pa á tì. Kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tó ríṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọyẹ́, àrokọ àwọn ọmọ ló ń kà, tirẹ̀ dìgbàgbé. Ikú Ìtùnú ló wá lé e dé ìdí tábìlì.

Ìtùnú ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìlú Òsì ni wọ́n ti bí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, Òsì náà ni Ìtùnú lọ́kọ sí. Káfíńtà ni Adéyínká, ọkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ ilé àdúrà kan tó wà létí ọ̀nà oko, níbi tí Wòlíì Ọlátúnjí ti jẹ́ olórí. Ìyá wọn ní tirẹ̀, gàrí ló ń yan, ìjọ Áńgílíkà ló sì ń lọ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ìjọ ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí, nítorí Ìtùnú mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín paná ọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2001 ni ìrọbí mú un. Adéyínká ò gbé e lọ sílé ìwòsàn, ilé àdúrà ló gbé e lọ. Wòlíì ní òun rí ọwọ́ ayé lára oyún náà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé aboyún kúrò nílẹ̀ mímọ́ títí yóò fi bí. Ìrọbí mú un láàárọ̀, ọ̀sán pọ́n, kò bí. Wọ́n ń kọrin lé e lórí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ̀ wà nígbà tó gbọ́. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sáré dé ibẹ̀, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ bá mi gbé ọmọ mi!" ló fi igbe ta. "Ẹ jẹ́ á gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó! Ṣé ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ̀ ń da iṣẹ́ Ọlọ́run rú," Wòlíì dá a lóhùn. "Tí ẹ bá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ ti fà á lé ayé lọ́wọ́ nìyẹn."

Adéyínká wo Wòlíì, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nígbà tí Màmá rí i pé kò sí olùrànlọ́wọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó fi apá ọmọ náà kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú títì. Ọlọ́kọ̀ kan ṣàánú wọn, ó gbé wọn. Wọn ò tíì dé Ìdó tí Ìtùnú fi di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pinpin, tí ọwọ́ náà sì rọ. Tòun tọmọ inú rẹ̀ ló lọ.

Erùpẹ̀ ò tíì gbẹ lórí sàréè nígbà tí Wòlíì dìde láàárín ìjọ rẹ̀. "Mo kìlọ̀," ló wí. "Àjẹ́ ni ìyá ọmọ yẹn. Ẹran rẹ̀ ló wá gbà lọ́wọ́ wa." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ti yí Òsì po kí wọ́n tó gbé ọbẹ̀ alẹ́ kaná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ pé irọ́ ni. Adéyínká pàápàá, tó fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní, ń sọ kiri pé ká ní Màmá fi àwọn sílẹ̀ ni, ìyàwó òun ì bá wà láàyè.

Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ọjà ni àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, oníkálukú nídìí ààrò tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààrò Màmá ni ti Ìyá Bùkọ́lá wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà omidan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń lé orin fún àwọn yòókù. Nígbà tí Màmá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, orin dákẹ́. Ìyá Bùkọ́lá gbé agbada rẹ̀ kúrò lórí iná, ó gbé e lọ sí ìkángun kejì. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò bú Màmá, wọn ò lù ú. Wọ́n kàn fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀, èéfín ń fẹ́ sí i lójú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi gàrí rẹ̀ kan ẹnu mọ́. Nígbà tó yá, ó gbé agbada rẹ̀ wálé, ó ń yan ìwọ̀nba tí yóò jẹ.

Olúrẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ọyẹ́.

"Mi ò lọ," ìyá rẹ̀ wí. "Tí mo bá kúrò ní ulé mi, wọ́n á ní òótọ́ ló lé mi. Ìlú yìí ni ọmọ mi sùn sí."

Olúrẹ̀mí tọ àwọn àgbà ìlú lọ, wọ́n ní sùúrù ni kó ní, pé ọ̀rọ̀ á tán nílẹ̀. Ó lọ bá Adéyínká ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn jáde. Bó ṣe wọ ọkọ̀ padà sí Ọyẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bí etí ìlú bá kọ ọ̀rọ̀ yìí, bébà ò ní kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ìdí tábìlì ló ń bọ́ sí. Ìbínú ló ń kọ̀wé, Olúrẹ̀mí kàn ń bá a di bírò mú ni. Ó yí orúkọ gbogbo wọn padà, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ ohunkóhun kù fún Wòlíì. Ó fún un ní ojú ejò àti ohùn ìkookò. Ìyá inú ìwé ò ṣẹ̀ rí, kò sì bínú rí. Kò sí orí kan tí ẹkún ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ó gbé ìwé náà lọ sí Òsì, ó kà á sí ìyá rẹ̀ létí níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kà á tán.

"O kọ ọ́ dáadáa," ló wá sọ. "Kò sẹ́ni tó máa kà á tí ò ní kórìíra ọkùnrin yẹn." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó fi ọ̀bẹ sí i. "Ṣùgbọ́n Ìtùnú dà?"

"Màmá, òun náà ló kún inú ẹ̀ látòkèdélẹ̀."

"Òkú rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ọmọ mi ń ké, ọmọ mi ń joró, ọmọ mi kú. Ṣé ukú nìkan ló wá kú láyé ni? Wòlíì pa á lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà tún gbé e wọnú ìwé lọ pa."

Ọ̀rọ̀ náà gún Olúrẹ̀mí dé eegun. Ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ìgbà tó fi ń kọ ọ́, tìtorí ìyá yìí náà ló ṣe ń kọ ọ́! Ṣùgbọ́n nígbà tó ronú lọ tó ronú bọ̀, ó rí i pé òun ò rántí ohùn Ìtùnú mọ́. Igbe tí òun fún un nínú ìwé ti bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa àpótí sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ sọ nípa Ìtùnú fún mi. Ẹ má sọ tikú."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí Ìtùnú ṣe máa ń sín alága ẹgbẹ́ akọrin jẹ níbi ìkórè, tí àlùfáà fi ní láti fi áńkáṣífù bo ẹnu. Ó sọ bó ṣe ń jí ẹja inú ọbẹ̀ jẹ, tí yóò gé ẹ̀gẹ́ sínú ọbẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó wá kan ti Adéyínká.

"Ó kan àga kan fún wa," ni Màmá wí. "Bó ṣe lọ tán, Ìtùnú fi ayùn gé ẹsẹ̀ àga kan kúrú díẹ̀, ó ránṣẹ́ pè é pé àga náà ò dúró dáadáa. Ó tún un ṣe, ó lọ. Ọmọbìnrin yìí tún mú ayùn! Nígbà tí àga wa fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ tán, ọkùnrin náà ti ń jẹun nínú ulé wa."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì ṣe, ẹ̀rín lọ, omi náà ò dá. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú.

Olúrẹ̀mí dáná sun èyí tó ti kọ, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èyí le ju ti ìṣáájú lọ. Kò lè mú kí Ìtùnú wà láàyè nínú ìwé láìjẹ́ pé ó fẹ́ràn Adéyínká níbẹ̀, Adéyínká tó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sá fún un. Nígbà mìíràn yóò kọ gbólóhùn kan nípa ọkùnrin náà, yóò sì dìde kúrò nídìí tábìlì. Iṣẹ́ náà kọjá ọdún kan, ó wọ òmíràn. Gbogbo ìsinmi ló ń lọ gbọ́ sí i lẹ́nu ìyá rẹ̀, títí di ìgbà ọyẹ́ kan tí ikọ́ dá Màmá dùbúlẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá sin ín. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí dúró lókèèrè létí títì, wọ́n káwọ́ lérí, wọn ò wọlé.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ ìwé náà, lẹ́yìn tí Màmá ti wọ ilẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ọyẹ́ pe àpèjọ láti fi bá a yọ̀. Olúrẹ̀mí ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ìfẹ́ èdè abínibí, ẹ̀kọ́ ìwà fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, Tìmílẹ́yìn, na ọwọ́ sókè.

"Mà, kí ló mú yín kọ ìwé yìí?"

Ó la ẹnu, ọ̀tọ̀ lohun tó jáde. "Àbúrò mi kú, wọ́n ní ìyá mi ló pa á. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi gbẹ̀san ni. Ẹ̀san ò gbé mi dé ibì kankan."

"Kí ló wá gbé yín dé ibẹ̀, mà?"

"Àárò rẹ̀."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wú ikọ́, ó ní kí àwọn akọrin bọ́ síwájú.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Olúrẹ̀mí mú ìwé náà lọ sábẹ́ àtíbàbà ní Òsì. Ó kí àwọn obìnrin náà, wọ́n dáhùn lábẹ́ ahọ́n. Kò ṣàlàyé kankan, ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń kà. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹja inú ọbẹ̀, ẹnì kan rẹ́rìn-ín mọ́nú. Nígbà tó kan àga, ẹ̀rín ta níbẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló mọ ọmọ náà láti kékeré. Ó ń kà lọ, ó kan ilé àdúrà, ó kan ojú títì, ó kan ọjọ́ tí wọ́n gbé agbada kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan. Kò gbójú sókè. Ẹnì kan dìde, ó lọ. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa pa ìwé dé, Ìyá Bùkọ́lá nìkan ló kù, gàrí ti ń jó nínú agbada rẹ̀, kò rò ó mọ́.

"Mi ò gbọ́ orúkọ wa níbẹ̀," ni obìnrin náà sọ.

"Màmá ló ní n ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ní ọmọ tó lè kà á."

Ìyá Bùkọ́lá fi etí aṣọ nu ojú. Ó ti darúgbó ju bí Olúrẹ̀mí ṣe rántí rẹ̀ lọ. "Kọ tèmi síbẹ̀," ló wí. "Olúrẹ̀mí, jọ̀ọ́, mú bírò kó o kọ ọ́. Kó hàn pé èmi ni."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, mà."

"Kọ ọ́, ọmọ mi."

"Mi ò ní kọ ọ́."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sókè. Olúrẹ̀mí rò pé inú òun á dùn sí ẹkún náà, torí ó ti pẹ́ tó ti ń fojú inú wò ó. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé, ó sì lọ dúró de ọkọ̀ Ọyẹ́.