Ilẹ̀kùn Yàrá Ìkẹ́rùsí

Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà, kò sẹ́ni tó ń pe aṣòfin obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyá Abala Keje ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń fi yọ ṣùtì sí i. Ọdún méjì gbáko ló fi gbé àbádòfin ààbò ọmọdé kiri bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó ń bẹ èyí, ó ń bá tọ̀hún jà. Gbogbo abala yòókù ló ti kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ìkeje nìkan ló há wọn lọ́fun.

Ohun tí abala keje wí kò le láti yé ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọmọ mọ́lé, tó fi ebi pa á, tàbí tó lù ú débi pé ó fara pa, ti rú òfin, ì báà jẹ́ òbí, ì báà jẹ́ ìbátan. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àgbàlagbà náà ni yóò sì kó jáde kúrò nílé, kì í ṣe ọmọ. Ọ̀rọ̀ "ìbátan" yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú.

"Ṣé ìyá ìyá mi ni ọlọ́pàá fẹ́ wá mú torí pé ó bá mi wí?" Baba Àtúnṣe bèèrè ní ìjókòó tó kọjá, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Àgbà aṣòfin ni, ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún níbẹ̀, kò sì sí àbádòfin tó kọjá lójú rẹ̀ rí tí kò gé létí. Bí wọ́n bá gbé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé síwájú rẹ̀, yóò ní àtúnṣe kan láti dábàá. Èyí tó fẹ́ sí abala keje kò gùn rárá: kí wọ́n yọ "ìbátan" kúrò.

Aṣòfin ọgbọ̀n ló wà nílé náà. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ dìbò. Ìyá Abala Keje ti ka àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí, ó tún wọn kà, mẹ́tàlá ni wọ́n, òun alára sì wà nínú wọn. Baba Àtúnṣe ní àwọn mẹ́ta kan tó jẹ́ pé ibi tó bá kọjú sí ni wọ́n ń kọjú sí. Ara obìnrin náà kò balẹ̀ láti ìdájí.

Ní aago mọ́kànlá, òun, Baba Àtúnṣe àti akọ̀wé ilé ní láti kọ́kọ́ lọ yẹ yàrá tuntun kan wò nísàlẹ̀ ilé. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé yóò ti máa sọ tẹnu wọn bí òfin bá kọjá. Àga kékeré méjì ló wà níbẹ̀, àti bèbí ìṣeré kan, àti gbohùngbohùn tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Dígí ńlá kan wà lára ògiri: ẹni tó wà nínú yàrá ń rí ojú ara rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn dígí ń rí inú yàrá kedere.

"A ti dán an wò pẹ̀lú ohùn àgbà," akọ̀wé ilé wí. "Ṣùgbọ́n ohùn ọmọdé ò tíì wọ inú ẹ̀ rí. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọdé kì í pariwo sọ ohun tó bá ń dùn ún."

"Ọmọ mi wà lókè," ni Ìyá Abala Keje dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lo tiwa."

Òótọ́ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ya àwòrán. Ilé ìwé wà ní ìsinmi. Ọkọ aṣòfin náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà ìyá tó bí aṣòfin náà lọ́mọ ló ń bá a mójú tó ọmọ. Màmá Àgbà ni ọmọ náà ń pè é. Inú ilé tí ó ti tọ́ aṣòfin yìí dàgbà ni wọ́n ṣì jọ ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá Àgbà lọ rí dókítà ojú, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá síbi iṣẹ́.

"Ìdánwò lásán ni, Ọ̀rẹ́ mi," ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ohun tí àǹtí bá bi ẹ́, dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ."

Àǹtí tó ń wí ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Àǹtí Wẹ́fíà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Òun àti ọmọ náà wọlé, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn dígí, Ìyá Abala Keje dúró láàárín akọ̀wé ilé àti Baba Àtúnṣe.

"Kí lo ṣe lánàá?" Àǹtí Wẹ́fíà bèèrè.

"Mo jẹun. Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Mo da omi sórí kápẹ́ẹ̀tì."

"Ó ń wọlé dáadáa," akọ̀wé wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Màmá Àgbà tì mí mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu akọ̀wé. Àǹtí Wẹ́fíà kò yí ohùn padà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó gbé bèbí náà sórí ẹsẹ̀ ọmọ.

"Ṣé ó pẹ́ níbẹ̀?"

"Oòrùn wà níta nígbà tí mo wọlé. Nígbà tí mo jáde, màmá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé."

"Kí lo máa ń ṣe tó o bá wà níbẹ̀?"

"Ó ṣókùnkùn. Mo máa ń ka ihò. Àwọn ihò kéékèèké kan wà lókè ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tí mo bá kà á tán, màá tún bẹ̀rẹ̀."

"Mélòó ni?"

"Mọ́kàndínlógún," Ìyá Abala Keje wí lẹ́yìn dígí. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Mọ́kàndínlógún ni," ọmọ náà dáhùn nínú yàrá.

Baba Àtúnṣe yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. Akọ̀wé ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà, kò rí i.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Baba Àtúnṣe fa Ìyá Abala Keje sẹ́yìn òpó kan. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbóhùn sókè, èyí ló sì bani lẹ́rù jù.

"Àbúrò mi, mo lè gbọ́, mo sì lè má gbọ́. Ọwọ́ ẹ ló wà. Yọ 'ìbátan' kúrò. Èmi àti àwọn mẹ́ta yẹn á nawọ́ sókè fún ẹ, òfin ẹ á kọjá, wàá sì délé lọ bá màmá ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé àwọn ìyá ayé àtijọ́ le?"

"Tí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Inú ilé ni màá ti bi ẹ́ ní ohun tá a gbọ́ nísàlẹ̀, níwájú gbogbo oníròyìn."

"Àṣírí ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ fẹ́ tú yẹn."

"Èmi kọ́. Òfin ẹ ni."

Ó wù ú láti gbà, àfi ká sọ òótọ́. Bí ó bá yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú kò ní tì í, ìyá rẹ̀ kò ní di ẹni tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, òfin ọdún méjì kò sì ní wó lulẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí yẹn nílé. Ó ti fi dá ara rẹ̀ lójú pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́, pé ọjọ́ orí ti rọ ìyá òun. Inú bí i sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bí i sí ara rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Ọmọ ti padà sídìí àwòrán rẹ̀. "Ṣé mo yege?" ó bèèrè.

"O yege, Ọ̀rẹ́ mi. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò bójú mu. "Màmá Àgbà ní ẹ mọ̀. Ó ní ibẹ̀ lẹ̀yin náà ti kọ́gbọ́n."

Aṣòfin náà lọ ṣílẹ̀kùn. Àǹtí Wẹ́fíà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ọnọ́rébù, òfin ò tíì kọjá," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kò tíì sí ohun tó jẹ́ dandan fún yín."

"Fún mi ní ọ̀kan nínú ìwé yẹn."

Ìwé ìfisùn tí wọ́n so mọ́ àbádòfin náà ni. Òun gan-an ló kọ ìbéèrè orí rẹ̀, ó tilẹ̀ bá ìgbìmọ̀ jà lórí ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ ọmọ. Orúkọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Orúkọ ẹni tó ń fi tó wa létí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ láìdánu dúró, títí ó fi dé ìbéèrè tó jà fún: kí ni ẹni náà jẹ́ sí ọ? Bírò dúró lókè ìlà yẹn. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Ìyá mi ni.* Ó fọwọ́ sí i, ó sì fà á lé Àǹtí Wẹ́fíà lọ́wọ́.

Nígbà tí abẹnugan ilé pe abala keje, Baba Àtúnṣe ti dìde kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. "Kí a tó dìbò, mo fẹ́ kí Ìyá Abala Keje sọ fún ilé yìí ohun tí a gbọ́ nísàlẹ̀ láàárọ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Ó dìde.

"Ohun tí a gbọ́ jẹ́ ti ọmọdé kan. Mi ò ní sọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi tó àwọn tó yẹ létí, ìwé náà ti wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ìbátan ọmọ náà ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò."

Baba Àtúnṣe wà lórí ìdúró, ìwé àtúnṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó fẹ́ fi dẹ́rù bà á sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo obìnrin náà pẹ́. Nígbà tí abẹnugan ní kí wọ́n nawọ́, ó ká ìwé rẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò padà wọlé. Bóyá òun náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn mẹ́ta rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ fi sílẹ̀. Ọ̀kan nawọ́. Òmíràn wo ẹnìkejì rẹ̀, ó nawọ́. Ẹ̀kẹta kò nà án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fara mọ́ ọn, mẹ́rìnlá kò fara mọ́ ọn, abala keje sì dúró bó ṣe wà. Àwọn ènìyàn wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ mú ọmọ rẹ̀ lókè.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí òun àti ọmọ dé ilé. Àǹtí Wẹ́fíà ti ṣáájú wọn, ó jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n aṣòfin náà ọkùnrin ti gbé ọkọ̀ wá láti mú Màmá Àgbà lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń dúró níta, kò fẹ́ wọlé. Màmá Àgbà gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ojú tí dókítà kán oògùn sí láàárọ̀ ṣì ń ṣomi, ènìyàn kò lè mọ̀ bóyá ẹkún ni.

"Wọ́n ní ìwọ lo fọwọ́ sí i."

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ ọmọ yìí. Ilẹ̀kùn yẹn náà ni mo fi tọ́ ẹ. Ṣé o kú ni? O kàwé, o ń jókòó láàárín àwọn èèyàn ńlá. Kí ló ṣe ẹ́ níbẹ̀?"

Ọdún méjì ló fi sọ̀rọ̀ lórí nǹkan yìí níwájú gbogbo ayé, èyí tó yẹ kó sọ fún ìyá rẹ̀ kò sì wá. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lẹ́nu.

"Mọ́kàndínlógún ni, Màámi."

"Mọ́kàndínlógún kí ni?"

Màmá Àgbà kò fi ṣe àgálámàṣà, kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Àǹtí Wẹ́fíà, ó ń dúró kí ẹnì kan dá òun lóhùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ti wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ìta ló sì máa ń dúró sí.

"Àwọn ihò ara ilẹ̀kùn ni, Màmá Àgbà," ọmọ náà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. "Tẹ́ ẹ bá wọlé síbẹ̀, tí wọ́n bá tì í, ẹ máa rí i."

Màmá Àgbà yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí yàrá ìkẹ́rùsí wà. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ sọ́rùn, tó bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, tó gbé e sórí tábìlì.