Ìdọ̀tí Ilé Turan

Bí ọdún tuntun bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ara kì í rọ ilé kankan ní Kaṣan ìlú wa mọ́. Àsìkò gbígbọn ilé ti dé nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì á jáde sí àgbàlá, kọ́tìnì á wọ inú omi, ìyá àgbà tó bá sì jókòó sójú kan pẹ́ jù, wọ́n lè ṣèèṣì nù ún mọ́ àga. Ọ̀gá àwọn agbọnlé ládùúgbò wa ni Farangis, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Obìnrin tó ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ nǹkan.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò gbà á láyè láti fọ̀ nínú ilé náà: àpótí ẹja onígíláàsì tó wà ní pálọ̀. Ti Bahador ọkọ rẹ̀ ni. Ẹja pupa méje ló wà níbẹ̀, olórí wọn sì ń jẹ́ Pahlavan. Gbogbo wa la máa ń ra ẹja pupa wẹ́wẹ́ sórí tábìlì ọdún, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kí ọdún tó pé ọjọ́ mẹ́tàlá, ẹja á ti dágbére. Pahlavan nìkan ló kọ̀ tí kò lọ. Bí ìka ọwọ́ ló rí lọ́dún tí wọ́n rà á, ọdún tí Ziba ọmọ wọn lọ sílé ọkọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin, àwọn èèyàn ń ti òpin ìlú wá wò ó. Bahador ń bá a sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́fà, Bahador ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá nílùú Yasidi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Farangis jan, ìyàwó mi àtàtà, ilé tìẹ ni. Fọ òrùlé, fọ ògiri, fọ ológbò àwọn ará ẹ̀yìnkùlé bó bá wù ọ́. Ilé ẹja mi ńkọ́?"

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Tún un sọ."

"Àbí mo ti di ọmọ iléèwé yín ni, Bàbá Ziba? Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án! Ẹ máa lọ, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè yín."

Ká sọ tòótọ́, ó gbìyànjú. Ó fi odindi ọjọ́ kan gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé ti ń dán, ilé ẹja nìkan ló jókòó ságbedeméjì pálọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára gíláàsì rẹ̀. Farangis ń wò ó, òun náà ń wo Farangis. Ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ ṣí ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ omi níbẹ̀, ó rí fóòmù inú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Fóòmù náà dúdú kirikiri! Inú eléyìí ni Pahlavan ń gbé? Àwọn àlejò ọdún á wá wo eléyìí?

Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ó kó ẹja sínú bàsíà, ó da gbogbo omi nù, ó fi bílíìṣì fọ òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó fi ọṣẹ àwo gbo fóòmù náà títí ó fi funfun bí wàrà. Ó wá ṣí omi ẹ̀rọ, ó pọn ọ̀tun, ó dá ẹja padà. Kí n má parọ́, ilé ẹja náà dára wò. O ò lè mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Farangis bu tíì fún ara rẹ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Tíì náà ò tíì tutù tí ẹja méjèèje fi gòkè wá sójú omi, tí wọ́n ń la ẹnu.

"Ẹ ò rí i," ni Farangis wí fún ara rẹ̀, "wọ́n ń dúpẹ́!"

Ìgbà tí Pahlavan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ló tó yé e pé ọpẹ́ kọ́. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré gbé fóònù, ó pe Sepanta, ẹni tó ń ta ẹja lẹ́nu ọjà, tí Bahador máa ń bá sọ̀rọ̀ ẹja fún wákàtí méjì láìra nǹkan kan. Ó ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ fọ gbogbo ẹ̀?" Sepanta bi í.

"Gbogbo ẹ̀."

"Lọ́jọ́ kan?"

"Láàárín wákàtí méjì!" Ìgbéraga ṣì wà lóhùn rẹ̀.

"Yéè! Mama, ẹ ti lé gbogbo òṣìṣẹ́ ilé jáde! Inú ìdọ̀tí fóòmù yẹn làwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ń gbé, ojú ò lè rí wọn. Àwọn ni wọ́n ń jẹ májèlé tó ń jáde lára ẹja. Ìdámẹ́rin omi la máa ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀, omi tó ti sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú. Fóòmù, inú omi ẹja náà la ti ń rọra fún un, kò gbọ́dọ̀ rí ọṣẹ láé. Bí kì í bá ṣe pé àgbà ni yín, ǹ bá ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́."

"O ti pa òwe náà tán. Kí ni kí n ṣe?"

"Ìgò oògùn kan wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn, ẹ kán an sómi kíákíá, ó ń pa agbára kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Kẹ́ ẹ wá lọ wá ìdọ̀tí."

"Wá kí ni?"

"Fóòmù láti ilé ẹja ẹlòmíì, èyí tí wọn ò fọ̀ rí. Bó bá ṣe dọ̀tí tó ló ṣe dára tó."

"Tà á fún mi."

"Kò sí lọ́jà, Mama. Inú bàsíà lásán ni gbogbo ẹja ọdún tèmi wà. Ta ló ní ilé ẹja ládùúgbò yín?"

Farangis mọ ẹni náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni, òun náà ni Turan, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ilé Turan dọ̀tí, ìdí tí gbogbo àdúgbò sì fi mọ̀ ni pé Farangis ló ń sọ ọ́. Òun ló sọ níbi ìgbéyàwó kan pé àwọn eku ilé Turan máa ń wá wẹ̀ nílé òun. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Turan kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́.

Ó kán oògùn sómi. Ó wo Pahlavan. Bí ẹja yẹn bá kú, ojú wo ló máa fi wo Bahador? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó da aṣọ ìbora tó fi ń jáde sórí, ó kọjá sí òdìkejì, ó kan ilẹ̀kùn.

Turan yọjú, ó ń pa èso òdòdó oòrùn jẹ, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

"Farangis Khanom! Ṣé àwọn eku mi tún ti wá wẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Turan Khanom, ẹ jọ̀ọ́."

Turan, tí Farangis fi ọdún mẹ́ta jù, tí kò gbọ́ "ẹ" tàbí "Khanom" tó túmọ̀ sí ìyáàfin lẹ́nu rẹ̀ rí láyé, bojú wẹ̀yìn.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi ni?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ fún mi ní ìdọ̀tí."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìdọ̀tí yín. Èyí tó dọ̀tí jù."

Ẹ̀rín gbé Turan, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bá mi gbọ́ o! Farangis dé, ó ń tọrọ ìdọ̀tí! Ṣé kí n dì í sínú páálí fún yín ni?"

"Turan, Pahlavan ń kú lọ."

Ẹ̀rín náà dá wáí. "Pahlavan? Kí lẹ wá dúró síta fún? Ẹ wọlé!"

Ilé ẹja Turan wà lórí àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ní àwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, àwọn ẹja inú rẹ̀ sì sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Turan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi. Kò ṣí. Ìdọ̀tí ti lẹ ọmọrí rẹ̀ pa.

"Ẹ jókòó, ẹ mu tíì," ó wí, ó ń fi eyín fà á. "Èyí máa gba díẹ̀."

Farangis jókòó sórí èso òdòdó oòrùn. Ó gbé ife tíì, ó rí àmì ìka lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fa etí ìbora wá.

"Mo ń rí yín o! Tẹ́ ẹ bá nu ife yẹn, mi ò ní ṣí i mọ́!"

Farangis di ojú, ó mu tíì. Tíì náà dùn.

"Ogún ọdún ni mo ti ń wá kí yín lọ́dún," Turan ń sọ bó ṣe ń fà á. "Mo máa wá, ẹ máa fún mi lóúnjẹ dídùn, èmi á máa retí pé ẹ ó wá san ìkíni yẹn padà. Ẹsẹ̀ yín ò tẹ ibí rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ojú ti Farangis gan-an. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí Pahlavan bá yè, ẹ máa wá."

"Màá wá."

"Ẹ búra."

"Mo fi orí Ziba búra!"

Ọmọrí náà já, ó ró pọ̀ọ́, omi dúdú sì ta sí àwọn méjèèjì lójú. Turan ya fóòmù náà sí méjì, ó ju ìdajì sínú ọ̀rá. Farangis gbá a mọ́ àyà, ó sáré kọjá ọ̀nà, ìdọ̀tí ń ro sórí aṣọ àárọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì sì yanu wò ó. Ó ki fóòmù náà bọ inú ẹ̀rọ. Sepanta ti ní kó fún díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí òkúta náà. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún un. Omi tó mọ́ gaara yẹn di àwọ̀ tíì, Farangis sì kérora bí ẹni pé eyín ni wọ́n ń yọ fún un.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń pààrọ̀ ìdámẹ́rin omi, àràárọ̀ ni Turan ń wá dúró tì í pẹ̀lú èso òdòdó oòrùn rẹ̀. "Ẹ gbé kànìnkànìn yẹn sílẹ̀! Ẹ fi àwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀, ó ń hùwà ọmọlúàbí ju yín lọ!" Ọ̀kan nínú àwọn ẹja kéékèèké kú lọ́jọ́ kejì. Pahlavan ò kú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà, kò jẹ, kò mira.

Bahador dé nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀ tó ti dé iwájú ilé ẹja. Farangis ti há ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Mo fọ̀ ọ́," ó wí, ẹkún sì bọ́. "Kékeré kan ti lọ. Pahlavan, mi ò mọ̀ bóyá yóò yè. Ẹ dárí jì mí."

Bahador gbé báàgì sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo Pahlavan pẹ́, ó wá wo inú ẹ̀rọ.

"Fóòmù yìí kì í ṣe tèmi. Ta ló fún ọ ní ìdọ̀tí tó dára báyìí?"

"Turan."

"Ìwọ Farangis? O lọ tọrọ ìdọ̀tí? Lọ́dọ̀ Turan?" Ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Farangis bínú díẹ̀, nígbà tó yá ẹ̀rín gbé òun náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó ti tábìlì ọdún, rédíò ń ka ìṣẹ́jú. Bí ìbọn ọdún ṣe dún nínú rédíò, Farangis ò wo ọkọ rẹ̀, ilé ẹja ló ń wò. Pahlavan mi ìrù. Ó gòkè, ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó wá fi ẹnu gbá gíláàsì bó ṣe máa ń ṣe tí ebi bá ń pa á. Igbe tí Farangis ké ju ìbọn lọ.

Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ló ń kọ́kọ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n. Àwọn àbúrò Bahador ti ń wọlé pẹ̀lú òdòdó nígbà tí Farangis gbé àwo dídùn, tó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀!" Gbogbo àdúgbò ń wò ó bó ṣe ń kọjá sí òdìkejì.

Turan ṣílẹ̀kùn. Farangis ti la ẹnu láti kí i kó tó rí inú ilé. Ilẹ̀ ń dán. Ìwé ìròyìn ò sí mọ́. Ife tó wà lórí tábìlì mọ́ débi pé ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára ògiri.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ta ni mo fẹ́ máa fọ̀ ọ́ fún? Lọ́dún yìí, ẹnì kan ń bọ̀."

Omi lé ròrò lójú Farangis. Lójijì ó ju àwo dídùn sórí àga, ó sáré wọ pálọ̀.

"Turan! Ilé ẹja! Má sọ fún mi pé o fọ̀ ọ́!"

Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé rẹ̀, àwọn ẹja inú rẹ̀ ń rìn gbẹ̀fẹ́.

"Kí n fọ̀ ọ́ ke?" ni Turan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni yóò wá fún yín ní ìdọ̀tí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Farangis bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kó bu tíì fún òun.